Orí Kẹfà: Ewé Rẹpẹtẹ, Òdòdó Kò Sí

Ẹ̀dùn ọkàn kan wọ́pọ̀ láàrin àwọn tó ń gbin ìtàkùn sínú ilé. Wọ́n rà á ní kékeré, òdòdó bò ó. Wọ́n gbé e sí pálọ̀, wọ́n ń bomi rin ín, wọ́n ń nu ewé rẹ̀. Kí ọdún tó yí po, ó ti gun kọ́tìnnì, ó ti yí tẹlifíṣọ̀n ká, ẹ̀ka rẹ̀ sì ti ń wá ọ̀nà gba ẹnu ilẹ̀kùn lọ. Òdòdó ńkọ́? Kò yọ ẹyọ kan mọ́. Ọdún kejì dé, bákan náà ni. Ẹni tó ni ín á wá máa sọ pé bóyá ayédèrú ni wọ́n tà fún òun, tàbí pé ọwọ́ òun kò dára fún ohun ọ̀gbìn.

Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Ìtàkùn tó ń rúwé láìtanná kò ṣàìsàn. Ohun tí ibi tí a gbé e sí gbà á láyè láti ṣe ló ń ṣe. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni kí ewéko yọ ewé, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni kó yọ òdòdó, ohun tó sì tó fún ti àkọ́kọ́ kò tó fún ti ìkejì. Ohun mẹ́ta ló ń mú ìtàkùn tanná nínú ilé: ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀, ìsinmi tó bọ́ sí àsìkò, àti ẹ̀ka tuntun. Ẹni tó bá mọ ìdí tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ṣe pàtàkì kò ní máa wá oògùn òdòdó kiri ọjà.

Ìtàkùn kan ṣoṣo ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Clerodendrum thomsoniae ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí i lára ògiri ọgbà tàbí lórí géètì ilé ẹlòmíràn. Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, méjì méjì ni wọ́n ń yọ tí wọ́n ń kọjú síra, gígùn wọn sì tó sẹ̀ǹtímítà 8 sí 17. Òdòdó rẹ̀ ń yọ ní ṣùṣù ní ẹnu ẹ̀ka: àpò funfun báláú, òdòdó pupa fòò sì yọrí jáde láàrin àpò náà. Ó lè gùn tó mítà 4. Ẹbí kan náà ni òun àti efinrin tí a fi ń se ọbẹ̀, àti igi tíìkì tí ìjọba gbìn sínú ọ̀pọ̀ igbó ọba nílẹ̀ wa.

Láti Calabar dé abẹ́ gíláàsì

Ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ìtàkùn yìí. Láti Senegal títí dé Cameroon ni ilẹ̀ rẹ̀, nínú igbó ilẹ̀ olóoru tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa. Ọ̀nà tó gbà dé ojú fèrèsé àwọn ará Yúróòpù gba Calabar kọjá.

Ní 1846, àwọn míṣọ́nnárì Presbyterian láti Scotland, tí Hope Waddell ṣáájú wọn, dé sí Calabar. Ọ̀kan nínú àwọn tó wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn náà ni Àlùfáà William Cooper Thomson. Àwọn míṣọ́nnárì wọ̀nyí máa ń fi ewéko ránṣẹ́ sílé, sí ọ̀dọ̀ John Hutton Balfour, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó ọgbà ewéko ọba ní Edinburgh. Ní 1862, Balfour kọ̀wé nípa ìtàkùn wa láti fún un lórúkọ. Thomson bẹ̀ ẹ́ pé kó fi orúkọ náà ṣe ìrántí ìyàwó òun àkọ́kọ́ tó ti kú, ó sì gbà. Bí ìtàkùn igbó wa ṣe di ẹni tó ń jẹ́ orúkọ ìyàwó Thomson nìyẹn.

Àsìkò tó dé sí Britain dára fún un. Ní 1845 ni ìjọba ibẹ̀ fagi lé owó orí tó wà lórí gíláàsì, láti ìgbà náà sì ni ilé onígíláàsì fún ewéko ti ń pọ̀ sí i. Wọ́n parí ilé ọ̀pẹ ńlá tó wà ní Kew ní 1848, ti Edinburgh sì parí ní 1858. Àwọn olówó náà kọ́ tiwọn sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń fi èédú mú un móoru tọ̀sán-tòru. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ìtàkùn Calabar ti kọ́kọ́ tanná fún àwọn òyìnbó, ó sì gbayì gan-an láàrin wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú sí ohun tí ilé yẹn ní tí pálọ̀ kò ní. Kì í ṣe ooru nìkan. Òrùlé rẹ̀ jẹ́ gíláàsì, ògiri rẹ̀ jẹ́ gíláàsì, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé látòkè àti láti ẹ̀gbẹ́ gbogbo. Lónìí, ooru kò wọ́n wa mọ́ nínú ilé, yálà ní Ìbàdàn tàbí ní London. Ìmọ́lẹ̀ ló wọ́n wa, torí pé òrùlé ilé wa kì í ṣe gíláàsì, ojú fèrèsé kan ṣoṣo sì ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ ọ̀pọ̀ iyàrá.

Ohun tí ìtàkùn ń wá lókè

Igi ń náwó lórí ìtì kó lè dá dúró. Ìtàkùn kò ní ìtì. Gbogbo ohun tí ì bá fi ṣe ìtì ló fi ń ṣe gígùn, ara ẹlòmíràn ló sì ń gbà gòkè. Ìdí tó fi yan irú ayé yìí ni pé ìsàlẹ̀ igbó ṣókùnkùn. Níbi tí igbó bá ti di, ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń kan ilẹ̀ lè má ju ìdá kan tàbí méjì nínú 100 lọ. Òkè ni ìmọ́lẹ̀ wà, nítorí náà ìtàkùn ń sáré lọ sókè.

Charles Darwin ló jókòó ti ìṣesí yìí títí ó fi yé e. Ó tẹ ìwé rẹ̀ lórí àwọn ewéko tó ń gun nǹkan jáde ní 1865. Àìsàn dá a dúró sínú iyàrá tó móoru nígbà kan, ó sì ní kí wọ́n gbé hop kan tó wà nínú ìkòkò wá sọ́dọ̀ òun; hop ni ìtàkùn tí wọ́n fi ń fún bíà ní kíkorò. Ó ń ṣọ́ ọ lọ́sàn-án, ó ń ṣọ́ ọ lóru. Ó rí i pé orí ẹ̀ka tuntun kì í dúró sójú kan. Ó ń tẹ̀ sí apá kan, ó ń tẹ̀ sí òmíràn, títí á fi yí òbìrípo kan pé. Lọ́sàn-án, nígbà tí ooru bá mú, òbìrípo kan gba hop náà ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 8. Kò rí igi kankan dì mú nígbà náà, síbẹ̀ kò yé wá a kiri.

Ohun tí èyí ń kọ́ wa ni pé eré sísá ìtàkùn kì í ṣe àmì pé ara rẹ̀ yá gágá. Ẹ wo àárín ewé kan sí èkejì lára ẹ̀ka rẹ̀. Bí àyè yẹn bá gùn, tí ẹ̀ka sì tín-ín-rín, tí ewé fẹ̀ tó sì rọ̀, òkùnkùn ló ń sá fún. Ìtàkùn tó yí pálọ̀ ká kò ráyè tanná, nítorí kò tíì dé ibi tó ń lọ.

Èyí tún ṣàlàyé ìdí tí èyí tí ẹ rà fi kéré tí òdòdó sì bò ó. Nínú ilé onígíláàsì ni wọ́n ti tọ́ ọ, ìmọ́lẹ̀ sì tó o. Àwọn tó ń tọ́ ọ fún títà sì máa ń fún un ní oògùn tó ń dá gígùn dúró, kó lè kúrú, kó sì ṣù jọ nínú ìkòkò. Bí oṣù bá ti ń gorí oṣù, agbára oògùn náà á tán. Ìtàkùn á wá padà sí ìwà rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ẹni tó tà á kò rẹ́ni jẹ, ẹni tó rà á kò sì bà á jẹ́.

Ìmọ́lẹ̀: ojú ń tàn wá jẹ

Ojú ènìyàn kò mọ ìmọ́lẹ̀ wọ̀n. Bí ìmọ́lẹ̀ bá dín kù, ẹyinjú á ṣí sílẹ̀ sí i, a ó sì rò pé iyàrá mọ́lẹ̀. Lux ni àwọn onímọ̀ fi ń wọn ìmọ́lẹ̀. Ní ìta gbangba lọ́sàn-án gangan, nígbà tí oòrùn bá ràn, ó tó 100,000 lux. Lẹ́bàá fèrèsé tó mọ́ dáadáa, ó lè jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún mélòó kan. Bí a bá sún mítà méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn sínú iyàrá, níbi tí àga àti tábìlì wà, ó lè já sí ọgọ́rùn-ún mélòó kan péré. Lójú wa, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Lójú ewé tó ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ, ebi ni.

Inú ewé ni ìtàkùn ti ń fi ìmọ́lẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ ṣe ṣúgà. Apá kan ṣúgà yẹn ló ń jẹ kó má bàa kú, apá kan ló fi ń yọ ewé mìíràn, èyí tó bá ṣẹ́kù ló fi ń tanná. Bí ìdílé tí owó tó ń wọlé fún wọn kò ju owó oúnjẹ lọ kò ṣe lè ṣe ìnáwó, bẹ́ẹ̀ ni ìtàkùn tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ju ti àtijẹ kò lè yọ òdòdó. Ajílẹ̀ kò lè rọ́pò ìmọ́lẹ̀ yìí, torí pé ajílẹ̀ kì í ṣe ṣúgà.

Ọ̀nà kan wà láti dán an wò láìra ẹ̀rọ kankan. Ní nǹkan bí aago 12 ọ̀sán, ẹ na ọwọ́ sí àárín fèrèsé àti ewé ìtàkùn, kó jìnnà sí ewé ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ẹ wo òjìji ọwọ́ yín. Bí òjìji bá dúdú, tí ẹ lè ka ìka máràárùn-ún, ìmọ́lẹ̀ wà. Bí ó bá rí bàìbàì, tí ìka kò yàtọ̀ síra, ewé ni ibẹ̀ máa mú wá. Bí òjìji kò bá sí rárá, ibẹ̀ kò yẹ ìtàkùn yìí.

Clerodendrum fẹ́ kí oòrùn kan òun ní tààrà fún nǹkan bí wákàtí 4 lójúmọ́ kó tó lè tanná dáadáa. Nílẹ̀ Yorùbá, fèrèsé tó kọjú sí ìlà-oòrùn ló dára jù: oòrùn àárọ̀ ń wọlé, kò sì tíì gbóná débi tó lè jó ewé tó wà lẹ́yìn gíláàsì. Èyí tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn náà dára, bí a bá fi kọ́tìnnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dín ooru ìrọ̀lẹ́ kù. Ní London, Manchester tàbí Chicago, fèrèsé tó kọjú sí gúúsù ló dára jù, nítorí apá ibẹ̀ ni oòrùn wọn wà.

Àwọn ará wa tó wà lókè òkun ní ìṣòro mìíràn pẹ̀lú. Ní Èkó, gígùn ọ̀sán kì í yàtọ̀ sí wákàtí 12 ju ìdajì wákàtí lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Ní London, ọ̀sán oṣù Kẹfà ju wákàtí 16 lọ, ti oṣù Kejìlá kò sì pé wákàtí 8. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìtàkùn máa dàgbà nìṣó ní àsìkò òtútù gbọ́dọ̀ tan iná LED tí wọ́n ṣe fún ewéko sí i lórí, kó fi sí òkè rẹ̀ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, kó sì máa tàn fún wákàtí 12 sí 14. Àmọ́ ọ̀nà kan wà tó rọrùn ju èyí lọ, tó sì bá ìṣẹ̀dá rẹ̀ mu: kí a jẹ́ kó sinmi.

Ìsinmi: fún un ní ẹ̀ẹ̀rùn tirẹ̀

Ní igbó wa, òjò kì í rọ̀ láti oṣù Kìn-ín-ní dé oṣù Kejìlá. Ẹ̀ẹ̀rùn ń bọ̀, ilẹ̀ á gbẹ, ọyẹ́ á fẹ́, òru á tutù. Ìtàkùn á dáwọ́ dúró, ewé kan á pọ́n, á já bọ́. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, ẹ̀ka tuntun á sọ. Bí a bá mú un wọ inú ilé, tí a ń bomi rin ín lójoojúmọ́, tí ooru kan náà sì wà nínú iyàrá láti ọdún dé ọdún, a ti gba ẹ̀ẹ̀rùn lọ́wọ́ rẹ̀. Á máa rìn ràdàràdà láìdúró, kò sì ní ní àsìkò tó máa fi kó agbára jọ.

Ní ìlú olótùútù, ìsinmi náà rọrùn láti fún un. Láti oṣù Kọkànlá dé oṣù Kejì, ẹ gbé e lọ sí iyàrá tó mọ́lẹ̀ tí kò sì móoru púpọ̀, tí ooru rẹ̀ wà láàrin 12°C sí 15°C. Kò gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ju 10°C lọ. Ẹ gbé e jìnnà sí ẹ̀rọ amúlégbóná, ẹ dín omi kù débi pé ìwọ̀nba tí gbòǹgbò kò fi ní gbẹ pátá ni ẹ ó máa fún un, ẹ má sì fi ajílẹ̀ kàn án. Ìgbà ara là á búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Ajílẹ̀ tí a fi sí ìkòkò nígbà tí ewéko ń sùn kì í jí i. Inú erùpẹ̀ ló máa jókòó sí, á sì máa jó gbòǹgbò.

Nílẹ̀ wa, oṣù Kejìlá àti oṣù Kìn-ín-ní ni kí ẹ fi ṣe àsìkò ìsinmi rẹ̀. Inú ilé wa kì í tutù tó 15°C, nítorí náà omi tí a dín kù ni yóò ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kí erùpẹ̀ gbẹ dé ìdajì ìkòkò kí ẹ tó tún bomi rin ín. Ìtàkùn tí ìmọ́lẹ̀ tó o nílẹ̀ wa lè máa tanná fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, ṣùgbọ́n ìsinmi kúkúrú yìí á jẹ́ kí òdòdó tó tẹ̀ lé e pọ̀, kó sì yọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ewé yóò pọ́n. Ewé yóò já. Ibí ni àyà ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń já pẹ̀lú, wọ́n á sáré da omi sí i, gbòǹgbò tó ń sùn á sì jẹrà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà láàyè, ẹ fi èékánná họ èèpo ẹ̀ka rẹ̀ díẹ̀. Bí abẹ́ èèpo bá tutù bí ewé, kò sí ewu.

Àlùmọ́gàjí ló ń mú òdòdó wá

Orí ẹ̀ka tó yọ lọ́dún yìí ni Clerodendrum ti ń tanná. Ẹ̀ka àtijọ́ kì í tún òdòdó yọ níbi tó ti yọ ọ́ rí. Ẹni tó bá ń tọ́jú gbogbo ẹ̀ka àtijọ́ nítorí pé ó ń ṣàánú wọn, gbòǹgbò ló ń dẹ́rù pa, nítorí ó gbọ́dọ̀ máa bọ́ mítà 3 igi kó tó ráyè bọ́ ibi tí òdòdó máa jókòó sí.

Ní òpin ìsinmi, kí ewé tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ, ẹ mú àlùmọ́gàjí tó mú, kí ẹ fi ọtí líle tàbí omi gbígbóná nù ún. Ẹ gé ẹ̀ka tó ti gbẹ àti èyí tó tín-ín-rín kúrò pátápátá. Lẹ́yìn náà, ẹ gé àwọn tó kù wálẹ̀ dé ìdajì. Lókè oríkèé tí ewé méjì ti ń yọ ni kí ẹ ti gé e, kó fi bí ìka kan ga ju oríkèé lọ. Ní oríkèé yẹn, ojú ẹ̀ka méjì wà, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ní apá òsì. Ẹ̀ka kan tí ẹ gé á di méjì, méjì á sì di ibi tí òdòdó méjì ti lè yọ.

Ìdí tí èyí fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé orí ẹ̀ka ń ṣe họ́mónù kan tí wọ́n ń pè ní auxin, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lára ẹ̀ka, tó sì ń dá àwọn ojú ẹ̀ka tó wà nísàlẹ̀ dúró kí wọ́n má yọ. Bí a bá gé orí, àṣẹ náà dópin, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á jí. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, bí a bá tẹ ẹ̀ka kọ́ dípò kí a jẹ́ kó gùn tààrà sókè. Ìyẹn ló fi dára kí a fi wáyà tẹ òrùka ńlá kan sínú ìkòkò, kí a máa wé ẹ̀ka mọ́ ọn yípo. Mítà 2 ìtàkùn á wà lójú fèrèsé kan, gbogbo rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ máa kàn, kò sì ní ráyè dé ìdí tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ má da ẹ̀ka tí ẹ gé nù. Ẹ mú èyí tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ gún un sínú yanrìn tó ní ọ̀rinrin, ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bò ó, kí ẹ gbé e síbi tó mọ́lẹ̀ tí oòrùn kò kàn ní tààrà. Níbi tí ooru bá ti tó 21°C, á ta gbòǹgbò láàrin ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ẹ̀bùn tó dára ni fún aládùúgbò.

Ìkòkò, omi àti ajílẹ̀

Ẹ má fi ìkòkò ńlá san án lóore. Nínú ìkòkò tó fẹ̀ jù, gbòǹgbò àti ewé ni ìtàkùn á kọ́kọ́ máa ṣe. Ó máa ń tanná dáadáa nígbà tí gbòǹgbò rẹ̀ bá ti kún ìkòkò díẹ̀. Bí ẹ bá máa pààrọ̀ rẹ̀, ẹ fi èyí tó tẹ̀ lé e ní fífẹ̀ gbà á, kí ó má ju bẹ́ẹ̀ lọ, ní àsìkò tí ẹ gé e. Erùpẹ̀ dúdú ìdá méjì, yanrìn odò ìdá kan, àti ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa níwọ̀nba, ti tó. Ihò gbọ́dọ̀ wà nídìí ìkòkò, omi kò sì gbọ́dọ̀ dá sínú abọ́ tó gbé e.

Ní àsìkò tó ń dàgbà, ẹ ti ìka bọ erùpẹ̀ dé oríkèé àkọ́kọ́. Bí ibẹ̀ bá ti gbẹ, ẹ bomi rin ín títí omi á fi jáde nídìí. Omi ẹ̀rọ àwọn ará London le, ẹfun pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ó bá pẹ́, kì í jẹ́ kí gbòǹgbò rí irin inú erùpẹ̀ gbà, ewé á wá pọ́n, iṣan rẹ̀ nìkan ló máa tutù. Omi òjò ló ń wo èyí sàn. Afẹ́fẹ́ náà ṣe pàtàkì. Yálà ẹ̀rọ amúlégbóná ti London ni o tàbí ẹ̀rọ amúlétutù ti Èkó, méjèèjì ń mú kí afẹ́fẹ́ gbẹ, òdòdó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wú lè já bọ́ kó tó là. Ẹ gbé ìkòkò kúrò lójú atẹ́gùn wọn, kí ẹ sì gbé e ka orí òkúta wẹ́wẹ́ tí omi wà lábẹ́ rẹ̀.

Ní ti ajílẹ̀, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lára àpò NPK. Ti àkọ́kọ́ ni náítírójìn, òun ló ń mú ewé wá. Bí ẹ bá ń fi èyí tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ rẹ̀ ga ju àwọn tó kù lọ bọ́ ìtàkùn, ewé ni ẹ ń pè, ewé ló sì máa dáhùn. Ẹ lo èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ dọ́gba nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rúwé, kí ẹ wá bọ́ sí èyí tí nọ́ńbà ìkẹta rẹ̀ ga, irú èyí tí wọ́n ń ta fún tòmátì, lọ́sẹ̀ méjì méjì. Ẹ pò ó kó ṣàn ju bí àpò ṣe ní kí ẹ pò ó.

Bí kòkòrò funfun tó rí bí òwú bá jókòó sí oríkèé ewé, ẹ fi òwú tí ẹ rẹ sínú ọtí líle nù ún kúrò. Bí ìsàlẹ̀ ewé bá ní okùn fẹ́ẹ́rẹ́ bí ti aláǹtakùn, afẹ́fẹ́ ti gbẹ jù. Ẹ fi omi fọ ewé lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́rin.

Nígbà tó bá tanná

Ìtàkùn tí a gé ní oṣù Kẹta lè bẹ̀rẹ̀ sí í tanná láàrin oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹfà. Àpò funfun ló máa ń kọ́kọ́ yọ, 8 sí 20 lórí ṣùṣù kan, igun márùn-ún sì ni àpò kọ̀ọ̀kan ní. Lẹ́yìn náà ni òdòdó pupa á yọ orí nínú àpò.

Ẹ sún mọ́ ọn, kí ẹ wo òdòdó kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Okùn mẹ́rin gígùn ló yọ jáde láti ẹnu rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú sì wà lórí wọn: akọ nìyẹn. Okùn karùn-ún, tí í ṣe abo, tẹ orí ba sísàlẹ̀, kò sí lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá padà wá wo òdòdó yẹn gan-an lẹ́yìn tó bá ti dàgbà díẹ̀ sí i, ipò wọn á ti yí padà. Àwọn akọ á ti ká kò, abo á sì ti gbé orí sókè, á wà níbi tí akọ wà tẹ́lẹ̀. Bí ìtàkùn náà ṣe ń ṣọ́ra rèé kí lẹ́búlẹ́bú òdòdó kan má bàa bọ́ sórí abo òdòdó yẹn kan náà. Kòkòrò tó ń fò ló gbọ́dọ̀ gbé e láti ibòmíràn wá. Kòkòrò bẹ́ẹ̀ kò sí nínú pálọ̀, ìdí nìyẹn tí èso dúdú rẹ̀ kì í fi sábà so nínú ilé.

Òdòdó pupa á já lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má tíì gé ṣùṣù náà kúrò. Àpò funfun á dúró fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, á máa yí díẹ̀díẹ̀ sí àwọ̀ osùn tó ṣì mọ́lẹ̀. Nígbà tó bá gbẹ ni kí ẹ gé e, kí ẹ gé e dé oríkèé tó ní ewé tó dára, ẹ̀ka méjì míì á sì yọ níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ ọgbà ní Britain, Royal Horticultural Society, ti fún ìtàkùn yìí ní àmì-ẹ̀yẹ wọn fún ohun ọ̀gbìn tó yẹ ọgbà. Àwọn tí igbó wọn kì í ṣe tirẹ̀ mọ iyì rẹ̀. Ó yẹ kí àwa tí igbó wa jẹ́ tirẹ̀ mọ̀ ọ́n pẹ̀lú, ká sì mọ bí a ṣe ń tọ́ ọ, dípò ká máa ná owó lórí òdòdó ọ̀rá tí eruku ń bò. Bí ti yín bá wà nílé tó ń rúwé láìtanná, ẹ má jù ú nù, ẹ má sì ra oògùn kankan. Ẹ gbé e sún mọ́ fèrèsé lónìí. Ẹ jẹ́ kó sinmi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Ẹ gé e láìbẹ̀rù kí òjò tó dé. Ìtàkùn tí a bá ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún yóò tanná.